"Chambre Claire" ní Èdè Yorùbá: Yàrá Ni tàbí Awò?

Ìwé kékeré kan wà tí Roland Barthes, ọmọ ilẹ̀ Faransé, kọ lórí fọ́tò. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980 ni ó jáde, La Chambre claire sì ni àkọlé rẹ̀. Nígbà tí Richard Howard túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1981, kò fi Gẹ̀ẹ́sì pe àkọlé yìí rárá. Látìn ni ó fi pè é, ó ní Camera Lucida. Ọ̀nà Gẹ̀ẹ́sì yìí ni ọ̀pọ̀ nínú àwa olùkọ́ Yorùbá gbà mọ ìwé náà, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀rọ̀ ti wọ́.

Ohun tí ó mú wa kọ àpilẹ̀kọ yìí ni àwọn ìwé ìdáhùn kan tí wọ́n kó wá fún wa láti tún yẹ̀ wò. Àyọkà kan wà nínú ìdánwò náà fún aáyan ògbufọ̀, ó sì dá lórí ìwé Barthes yìí. Ìlànà ìmáàkì sọ pé "Yàrá Ìmọ́lẹ̀" ni ìdáhùn sí camera lucida, pé ẹni tí kò bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kò ní gba nǹkan kan. Akẹ́kọ̀ọ́ kan láti ẹsẹ̀ odò Ìlàjẹ kọ "awò tí a fi ń ya àwòrán". Òdo ni ẹni tí ó kọ́kọ́ máàkì ìwé náà fún un. Bẹ́ẹ̀ àyọkà náà fúnra rẹ̀ ti ṣàlàyé ní ìlà mẹ́ta ṣáájú pé ohun èlò ìyàwòrán ni nǹkan náà. Èrò tiwa ni pé akẹ́kọ̀ọ́ yìí ni ó jàre, pé ìlànà ìmáàkì ni ó ṣìnà, a ó sì sọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ń wá ìdí náà, ọ̀rọ̀ gbé wa kọjá máàkì méjì, ó gbé wa dé ìdí ìwé Barthes gan-an.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń sọ. William Hyde Wollaston, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó gba ìwé àṣẹ lórí ohun èlò yìí ní 1806. Dígí kékeré kan ni, tí ó ní ojú mẹ́rin. Ọ̀kan nínú àwọn igun rẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n 90, èyí tí ó dojú kọ ọ́ jẹ́ 135, àwọn méjì yòókù sì jẹ́ 67.5 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. A ó gbé e sórí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́, a ó fi ọ̀pá náà há etí tábìlì, a ó tẹ́ bébà sísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ yàwòrán yóò tẹ orí ba, yóò wo ìsàlẹ̀ láti etí dígí náà. Ìmọ́lẹ̀ láti ara ohun tí ó wà níwájú yóò wọ inú dígí, yóò ta padà lẹ́ẹ̀mejì níbẹ̀ kí ó tó dé ojú rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwòrán náà kì í fi í dorí kodò, tí ọ̀tún rẹ̀ kì í sì í di òsì. Yóò wá dà bí ẹni pé igi, ilé tàbí ènìyàn tí ó wà lọ́ọ̀ọ́kán ti sùn sórí bébà, yóò sì máa rí pẹ́ńsù rẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. Iṣẹ́ tí ó kù kò ju kí ó máa tọ ipa rẹ̀ lọ.

Ohun tí ó ṣe pàtàkì jùlọ ni pé kò sí nǹkan kan lórí bébà náà. Inú ojú ẹni tí ó ń wò ó nìkan ni àwòrán náà wà. Bí ó bá gbé orí kúrò, ó parí. Ẹni tí ó dúró tì í kò rí nǹkan kan. Èyí ni ó mú un yàtọ̀ pátápátá sí èyí tí wọ́n ń pè ní camera obscura, tí àwọn Faransé ń pè ní chambre noire. Ìyẹn ní tirẹ̀ jẹ́ yàrá tàbí àpótí tí ó ṣókùnkùn, tí a lu ihò kékeré kan sí lára. Ìmọ́lẹ̀ gba ihò náà wọlé, àwòrán ìta sì hàn lára ògiri ní ìdorí kodò. Ènìyàn mẹ́wàá lè jókòó sínú yàrá bẹ́ẹ̀ kí gbogbo wọn rí ohun kan náà. Yàrá ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n chambre claire kò ní ògiri, kò ní òrùlé, kò ní ìlẹ̀kùn. Nítorí kí ó lè dojú kọ orúkọ ti àkọ́kọ́ ni wọ́n ṣe pè é bẹ́ẹ̀. Ọ̀pẹ òyìnbó ni àwa náà ń pe èso kan, ṣùgbọ́n a kò tíì rí ẹni tí ó gbé igbà lọ sí ìdí rẹ̀ láti gùn ún.

Ẹni tí ó bá kọ "Yàrá Ìmọ́lẹ̀" ti túmọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ Látìn náà dáadáa. Yàrá ni camera ní èdè Látìn, láti ibẹ̀ ni ó ti dé inú Gẹ̀ẹ́sì, kí àwa tó yá a lò ní kámẹ́rà. Bí a bá fẹ́ máa tẹ̀lé orírun ọ̀rọ̀ báyìí, a jẹ́ pé gbogbo ayafọ́tò tí ó gbé kámẹ́rà kọ́rùn ti gbé yàrá kọ́rùn. Kò sí olùkọ́ tí yóò gba èyí lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́. Kí ni ó wá dé tí a fi gba èkejì?

Ìṣòro kejì wà nínú claire. Èdè Faransé fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí sọ ohun tí àwa ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ fún. Ohun tí iná tàbí oòrùn tàn sí ni ó mọ́lẹ̀. Omi tàbí dígí tí ojú lè là kọjá ni ó mọ́ gaara. Omi tí a ti rú, tí ó wá simi títí ìdọ̀tí rẹ̀ fi wálẹ̀, òun ni ó tòrò. Ẹ bi ọmọ tí wọ́n tọ́ dàgbà lórí omi ní agbègbè Ugbó tàbí Máhìn, kò ní í fi ọ̀kan pe èkejì. Omi lè mọ́lẹ̀ yòò lábẹ́ oòrùn ọ̀sán kí ó má mọ́ gaara rárá. Ẹrẹ̀ etí òkun Máhìn kò jẹ́ kí ènìyàn rí ìsàlẹ̀. (Kí a sọ ọ́ lọ́nà àbáyọ: Ugbó yìí kan náà ni a fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa pé fáwẹ́lì u tí kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nínú Yorùbá àjùmọ̀lò ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nínú ẹ̀ka-èdè wọn. Ọmọ tí ó ti ibẹ̀ wá mọ̀ ju ohun tí ìlànà ìmáàkì fún un láàyè láti sọ.) Èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni claire tí Barthes ń sọ? Kì í ṣe mímọ́lẹ̀, nítorí iṣẹ́ dígí Wollaston kọ́ ni láti tan ìmọ́lẹ̀ sí ibì kankan. Mímọ́ gaara ni ó súnmọ́ ọn jù. A kò sì lè ṣàì rántí ìlú tí ó fi ọ̀rọ̀ kẹta sọ orúkọ ara rẹ̀ ní etí òkun náà: Ayétòrò, tí àwọn ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1947. A ó padà sí ibẹ̀.

Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 kò lè ràn wá lọ́wọ́ níhìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ni ó wà fún, kì í ṣe ọ̀rọ̀ dígí. Ṣùgbọ́n ìlànà tí ó wà nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni pé kí a wo ohun tí nǹkan ń ṣe kí a tó sọ ọ́ lórúkọ. Yorùbá sì ti ní awò tipẹ́, láti ara wò, fún dígí tí a ń wo nǹkan nínú rẹ̀ tàbí láti inú rẹ̀. A ní awò ojú. Nítorí náà, awò ìyàwòrán ni a fara mọ́ fún ohun èlò náà, èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ Ìlàjẹ yẹn ti kọ tán ní gbólóhùn. Àkọlé ìwé Barthes ní tirẹ̀, kí a fi í sílẹ̀ ní Faransé kí a sì ṣàlàyé rẹ̀. Àkọlé ìwé kì í ṣe orúkọ ohun èlò lásán. Àfiwé ni Barthes fi í ṣe, àfiwé náà ni ó sì yẹ kí lámèyítọ́ yẹ̀ wò.

Apá ìparí ìwé náà ni ó ti dárúkọ awò yìí. Ó ní àṣìṣe ni bí àwọn ènìyàn ṣe ń so fọ́tò mọ́ yàrá òkùnkùn nítorí ọ̀nà tí a gbà ń ṣe é. Ó ní chambre claire ni ó yẹ kí a dárúkọ, nítorí pé gbogbo ohun tí àwòrán ní, ìta gbangba ni ó wà, kò ní kọ̀rọ̀, síbẹ̀ kò ṣeé wọ̀. Níbẹ̀ náà ni ó ti ṣàpèjúwe bí wọ́n ṣe ń lo awò náà: ojú kan lára ohun tí à ń yà, ojú kejì lára bébà. Ẹni tí ó bá ti ka ohun tí a kọ lókè yìí yóò rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń lo awò Wollaston. Ẹyinjú kan náà ni etí dígí pín sí méjì, apá kan ń rí ohun tí ó wà níwájú, apá kejì ń rí bébà. Kì í ṣe ẹ̀sùn kékeré ni a ń fi kàn án. Bí ó bá jẹ́ ojú méjì, a jẹ́ pé ohun tí à ń yà wà lọ́tọ̀, àwòrán wà lọ́tọ̀, ènìyàn kàn ń ti ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Bí ó bá jẹ́ ojú kan, àwọn méjèèjì ti wọnú ara wọn kí ènìyàn tó mọ̀. Èyí ni ìwé náà ń wá láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì wà nínú awò tí òǹkọ̀wé fi sọ ìwé rẹ̀ lórúkọ láìjẹ́ pé ó rí i.

Àṣìṣe kejì rẹ̀ ti lókìkí. Ó wo fọ́tò ẹbí aláwọ̀ dúdú kan tí James Van Der Zee yà ní Amẹ́ríkà ní 1926, ó ní ohun tí ó gún òun lọ́kàn ni ẹ̀gbà ọrùn oníwúrà tín-ín-rín tí obìnrin kan fi sí ọrùn, nítorí pé irú rẹ̀ ni àǹtí òun kan tí kò lọ́kọ máa ń lò. Margaret Olin ni ó tọ́ka sí i ní 2002 pé ìlẹ̀kẹ̀ péálì ni ó wà ní ọrùn obìnrin náà, kì í ṣe wúrà. Ọrùn àǹtí rẹ̀ ni ó ń wò. A kò fi èyí dá a lẹ́bi tó ti àkọ́kọ́. Ìyá rẹ̀ kú ní oṣù Kẹwàá 1977. Ọ̀fọ̀ rẹ̀ ni ó ṣe nínú ìwé náà. Fọ́tò tí ó fẹ́ràn jùlọ, èyí tí wọ́n ya ìyá rẹ̀ ní ọmọ ọdún márùn-ún ní 1898, kò jẹ́ kí òǹkàwé rí i. Ọkọ̀ kan kọ lu òun fúnra rẹ̀ ní oṣù Kejì 1980, ó sì kú ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹta. Ẹni tí ó ń ṣọ̀fọ̀ lè ṣì wúrà mú.

Èyí tí a kò lè gbójú fò ni fọ́tò tí Nadar ya ní 1882. Savorgnan de Brazza, tí ó gba ilẹ̀ Kóńgò fún Faransé, jókòó sí àárín ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú méjì tí wọ́n wọ̀ láṣọ atukọ̀. Ọ̀kan gbé ọwọ́ lé itan òyìnbó náà. Èkejì ká apá rẹ̀ mọ́ àyà. Barthes ní apá kíká yìí ni ó gún òun. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ gbé fọ́tò náà fún àgbàlagbà Yorùbá kan: ohun tí yóò kọ́kọ́ bi yín ni, "Ọmọ ta nìwọ̀nyí?" Orúkọ Brazza wà níbẹ̀, orúkọ ayafọ́tò wà níbẹ̀, orúkọ àwọn ọmọ náà kò sí, Barthes kò sì béèrè. Gbogbo bí ó ṣe sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ó ń gún ni tó, kò rí èyí bí ohun tí ó lè gún ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí a wá sórí ọ̀rọ̀-ìṣe kan. Barthes tẹnu mọ́ ọn pé fọ́tò kì í ṣe ọmọ àwọn ayàwòrán, pé ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ni ó ti wá. Èdè Yorùbá kò bá a gbà. Yà ni a ń lò fún méjèèjì: ó ya igi sórí ògiri, ó yà mí ní fọ́tò. A lè pe ẹni tí ó ń lo pẹ́ńsù àti ẹni tí ó ń lo kámẹ́rà ní ayàwòrán. Bí a bá sì wo ìtàn, Yorùbá kò jìnnà sí òótọ́. Ní oṣù Kẹwàá 1833, William Henry Fox Talbot wà létí adágún omi Como ní Ítálì, ó ń fi awò Wollaston yàwòrán. Kò mọ̀ ọ́n yà. Ohun tí dígí fi hàn án dára, ohun tí ó bá lórí bébà lẹ́yìn tí ó gbé dígí kúrò kò dára. Ìjákulẹ̀ yìí ni ó mú un ronú pé ìbá dára bí àwòrán bá lè tẹ ara rẹ̀ sórí bébà kí ó sì dúró síbẹ̀. Láti inú èrò yìí ni fọ́tò tirẹ̀ ti jáde.

Ọ̀rọ̀ tí ó nira jùlọ láti túmọ̀ nínú ìwé náà kì í ṣe àkọlé. Ça a été ni. Barthes ní èyí ni kókó fọ́tò: ohun tí a ń wò yìí ti wà níwájú kámẹ́rà lóòótọ́, kò ṣeé sẹ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ di that-has-been, ó sì le bí igi gbígbẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ wa yóò sáré kọ "ó ti wà". Ṣùgbọ́n "ó ti wà" lè túmọ̀ sí pé ó ti wà nílẹ̀, kí a má wulẹ̀ rà á mọ́. Kò sí ọ̀fọ̀ kankan níbẹ̀. A gbà pé "ó wà rí" ni. Rí yìí sọ pé nǹkan náà ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́ nígbà kan, kò sì ṣèlérí pé ó ṣì wà. Ohùn rẹ̀ àti ti rí tí a fi ń sọ ohun tí ojú bá pàdé jẹ́ ọ̀kan náà. A kò sọ pé orírun kan ni wọ́n ní, ṣùgbọ́n etí Yorùbá gbọ́ méjèèjì pọ̀, ohun tí Barthes sì fi gbogbo ìwé wá nìyẹn.

Ǹjẹ́ òfin "ó wà rí" yìí dúró ní ilẹ̀ Yorùbá? Nínú ìwé African Arts, Marilyn Houlberg (1973) àti Stephen Sprague (1978) kọ nípa fọ́tò ìbejì. Sprague ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìlá-Ọ̀ràngún. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya wọ́n ní fọ́tò pọ̀, ayafọ́tò yóò ya èyí tí ó kù, yóò tẹ àwòrán náà lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, àwọn méjì yóò sì jókòó. Bí ọ̀kan bá jẹ́ ọkùnrin tí èkejì jẹ́ obìnrin, yóò ya èyí tí ó wà láàyè nínú aṣọ tirẹ̀, yóò tún yà á nínú aṣọ irú èyí tí èkejì ìbá wọ̀. Ìyá wọn yóò tọ́jú fọ́tò yìí bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ère ìbejì. Ọmọ tí ó jókòó ní apá kejì yẹn, ní ọjọ́ orí yẹn, nínú aṣọ yẹn, kò wà rí. Kò sì sí ẹni tí ó pè é ní irọ́ nínú ilé náà.

Lámèyítọ́ tí ó ń kánjú yóò sọ pé ọ̀rọ̀ Barthes ti fọ́ nìyẹn. Àwa kò lọ tó bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan jókòó níwájú kámẹ́rà lóòótọ́, ìmọ́lẹ̀ ta sí i lára, ó wà rí. Ohun tí fọ́tò kò lè jẹ́rìí sí ni orúkọ: Táyé ni tàbí Kẹ́hìndé? Àwọn ará ilé ni ó sọ ọ́. Iṣẹ́ tí agbẹ́gilére ti ń ṣe ni wọ́n gbé fún kámẹ́rà. Ọmọ ọwọ́ ni ó kú, ère àgbà ni ó ń gbẹ́, pẹ̀lú ọmú kíkún, irun dídì àti ilà ojú. Barthes kò rò ó kan irú èyí, nítorí ìyá rẹ̀ nìkan ni ó ń wá, ìyá náà sì ti gbé ayé tirẹ̀ tán. Ẹni tí kò gbé ayé rẹ̀ rárá ńkọ́?

Ayétòrò ni a ó fi kádìí ọ̀rọ̀. Ní 1951, E. H. Duckworth, olóòtú ìwé ìròyìn Nigeria, kọ̀wé pẹ̀lú fọ́tò lórí ìbẹ̀wò rẹ̀ sí ìlú náà, nígbà tí kò tíì pé ọdún márùn-ún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó. Ìlú tí wọ́n fi pákó kọ́ sórí omi ni, ilé lórí òpó, afárá pákó láàárín ilé. Láti ìgbà náà ni òkun ti ń jẹ ilẹ̀ wọn, ó sì ti gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé lọ pẹ̀lú ilẹ̀ tí wọ́n dúró lé. Nínú ìdánwò kan náà tí a sọ lókè, wọ́n tẹ fọ́tò àtijọ́ kan láti etí òkun Ìlàjẹ, wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣàpèjúwe ohun tí ó rí. Wọn kò kọ ọdún sí abẹ́ fọ́tò náà. Gbogbo ọmọ láti ìlú òkè kọ pé ilé pákó wà níbẹ̀, pé afárá wà níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ wa yìí kan náà kọ pé ilé wà níbẹ̀ rí. Ẹni tí ó máàkì fi báírò pupa fa ìlà sí abẹ́ rí, ó yọ máàkì kan, ó ní ohun tí ó wà nínú fọ́tò ni kí ó sọ.

A dá máàkì náà padà fún un, pẹ̀lú méjì ti awò. A sì bẹ àwọn tí ó ń ṣètò ìwé ìdánwò náà pé bí wọ́n bá tún fẹ́ lo fọ́tò etí òkun yẹn, kí wọ́n kọ ọdún rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀.